Àwọn Ọmọlańgidi Bàbá Mi

Sátidé, 14 oṣù kìíní, 1978

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi là, àtẹ́lẹsẹ̀ mi náà là. Mo lọ wo ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀. Ògiri ṣì dúró, ṣùgbọ́n amọ̀ ni, ara ògiri ẹ̀yìn sì ti ń sán. Ajíbádé káfíńtà fi ìka tọ ojú ibi tó sán náà, ó ní, "Ìyá Yétúndé, ẹ má bínú o. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá bá ògiri yìí láìsí páànù lórí, ẹ má ránṣẹ́ pè mí mọ́. Ẹni tí yóò kó ẹrẹ̀ ni kí ẹ pè."

Ìdì páànù kan ti di náírà márùndínláàádọ́rin ní Ọjà Ọba níbí ní Adó. Mẹ́fà ni a nílò. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá Yétúndé fi mọ ògiri yìí, díẹ̀díẹ̀, bí owó oṣù ṣe ń wọlé. Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ló kú, kò fojú rí òrùlé rẹ̀. N kò fẹ́ kí òjò wá wó o lé mi lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kìíní

Àlejò kan wá bá mi ní ilé-ìwé nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré. Ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọkọ̀ Pijó ló gbé wá. Ó ní Ọlátúbọ̀sún ni òun ń jẹ́, Ìbàdàn ni òun ti wá, òun ń ra nǹkan àtijọ́ fún àwọn òyìnbó. Ó fa fọ́tò kan yọ nínú àpòòwé. Kó tó fà á yọ tán ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọmọlańgidi ni, ọrùn rẹ̀ gùn, irun rẹ̀ dì sókè bíi ti ìyàwó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ìhà, ojú rẹ̀ ńlá bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ó ní, "Wọ́n ní ará Ìgbẹmọ ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n sì ní ará Ìgbẹmọ ni yín, Màdáámù. Ṣé ẹ mọ ọkùnrin náà?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní ogójì náírà ni òun ń san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ti jẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló gbẹ́ ẹ. Ó júwe hòtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí fún mi, ó ní òun wà níbẹ̀ di Sátidé.

Bàbá mi ni. Ilésanmí, gbẹ́nàgbẹ́nà, ará Ìgbẹmọ. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti kú, mo sì tún sẹ́ ẹ lónìí nínú kíláàsì kẹrin tí mo ń kọ́, bí mo ti ń sẹ́ ẹ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí mo ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé àgbẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kìíní

Ogójì náírà. N kò lè jẹun.

Ẹtì, 20 oṣù kìíní

Lẹ́yìn ilé-ìwé mo lọ bá a ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní mo ti rántí àwọn ilé mélòó kan tí irú rẹ̀ lè wà. N kò sọ pé bàbá mi ni. Inú rẹ̀ dùn, ó ra mínírà fún mi. Mo mu ún tán.

Sátidé, 28 oṣù kìíní

Mo lọ sí Ìgbẹmọ. Ọ̀nà kún fún eruku débi pé nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, gèlè mi ti pọ́n bí ilẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì ní gbogbo ojúde, èèpo rẹ̀ ń fò kiri.

Inú mọ́tò ni mo ti ro ohun tí n óò sọ. Ilé àkọ́kọ́ ni mo ti sọ ọ́, ó sì bọ́ lẹ́nu mi geere bí ẹni ka ìwé: "Ẹ̀yin ìyá mi, mo fẹ́ kó iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi jọ kí n lè máa fi rántí wọn."

Ìyàwó àgbà ilé náà bú sẹ́kún. Ó ní Ọlọ́run ló gbé mi wá, pé wọ́n ti ń sọ láàárín ara wọn pé ọmọ Ilésanmí ti gbàgbé bàbá rẹ̀. Orí àjà ni ọmọlańgidi tiwọn wà, èéfín ti mú un dúdú. Ó fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ nù ún kó tó gbé e fún mi. Mo na náírà méjì sí i, ó ti ọwọ́ mi padà. "A máa ta bàbá rẹ fún ọ ni?" Ó tún bu ìrẹsì sínú abọ́ lé mi lọ́wọ́.

Mẹ́ta ni mo gbà lónìí. Ẹnì kankan ò gba owó. Mo jẹ nínú ìrẹsì náà nígbà tí mo délé. Ó dùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, 29 oṣù kìíní

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò rántí ohun tí àlùfáà wàásù lé lórí.

Sátidé, 4 oṣù kejì

Ọlátúbọ̀sún dé ní ọ̀sán. Ó yí àwọn ọmọlańgidi náà padà, ó ń wo abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àmì kan wà níbẹ̀ bí ojú ekùrọ́, òun ni bàbá mi máa ń fi ọ̀bẹ yí kẹ́yìn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń jókòó lórí àpótí, mo máa ń kà á fún bàbá mi, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí wọ́n á fi parí rẹ̀. Ọlátúbọ̀sún ní òun ni gan-an. Ó sanwó níbẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí òyìnbó fi ń san irú owó yìí lórí ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré.

Ó ní, "Màdáámù, torí ọmọdé fi ń ṣeré náà ni. Ère tí wọ́n gbé sójúbọ, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Ta ló ń tọ́jú nǹkan ìṣeré? Ọmọ á pọ̀n ọ́n lọ sí odò, á gbàgbé ẹ̀ sétí omi. Òjò á pa á, ikán á jẹ ẹ́. Tí ọmọ bá dàgbà, ìyá ẹ̀ á fi í dáná. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè má ku mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn ló di góòlù." Ó mi orí. "Ti ọkùnrin yìí tún wá yàtọ̀. Kò gbẹ́ ẹ pẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé ó kàn dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan, nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ dùn jù. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Ká ní ó gbẹ́ ẹ títí tó fi kú ni, n ò ní dé ibí."

Mo ní kó mu omi.

Mo mọ ohun tó ṣe é. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí, torí pé n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní Bàbá Yétúndé pàápàá kò gbọ́ ọ. Ọdún 1955 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Olùkọ́ wa obìnrin, òyìnbó, ní òun máa yí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká nígbà ìsinmi. Mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Mo ní àwọn nǹkan tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn yẹn jọ òrìṣà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ kó wọn kúrò, kí wọ́n sì má gbẹ́ irú rẹ̀ mọ́, torí pé ọmọ wọn ti di olùkọ́. Bàbá ò mọ̀wé. Ẹnìkan ló ka lẹ́tà náà sí wọn létí, n kò sì mọ ẹni náà títí dòní. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ tónítóní. Eérú pọ̀ lẹ́yìn ilé. Bàbá ní, "O káàbọ̀, Olùkọ́." Wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Láti ìgbà náà, odó àti ọmọ odó nìkan ni wọ́n ń gbẹ́.

Òyìnbó náà kò wá mọ́. Ibà dá a dúró ní Adó.

Mọ́ńdè, 20 oṣù kejì

Sátidé méjì tó kọjá, mo lọ sí Ìgbẹmọ. Mẹ́rin ni mo rí. Irọ́ kan náà ni mo pa, ó ti mọ́ mi lẹ́nu báyìí. Mo tiẹ̀ sunkún ní ilé kan, n kò sì mọ̀ bóyá ẹkún òótọ́ ni.

Ọlátúbọ̀sún dé lẹ́yìn ilé-ìwé lónìí. Ó mú méjì, ó ti méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọ̀kan ti là lórí, èkejì sì jọ èyí tí òun ti gbé lọ.

Mo ní, "Kí ni kí n wá fi wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Ẹ fi dáná."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, ó ní bí òun bá kó méje lọ, oníbàárà òun á rò pé ó ṣì pọ̀ nílẹ̀, kò ní kánjú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ márùn-ún, tí òun sì lè fi ẹ̀rí ọkàn búra pé kò sí òmíràn, wọ́n á jà lé e lórí. "Èyí tó wà nílẹ̀ láìwúlò yẹn ló ń ba ọjà èyí tó dára jẹ́, Màdáámù. Ẹ má fi ṣe ojú àánú."

Mo lè dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n kí ni n óò wí? Pé mo fẹ́ rántí bàbá mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú èyí?

Ẹ̀wà ni mo ń sè. Mo ti èyí tó là bọ abẹ́ ìkòkò kí n má baà ní àyè láti ronú sí i. Igi gbígbẹ ni, ọgbọ̀n ọdún lórí àjà, ó gbiná wàìwàì. Mo gbé èkejì tì í. Orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀ lára àdògán, ó kọjú sí mi, ojú ńlá yẹn, mo sì wò ó títí irun rẹ̀ fi jó dé ìpéǹpéjú. Yétúndé wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló ń rùn báyìí?" Mo ní igi tútù ni.

Mo bu ẹ̀wà fún un. N kò lè jẹ tèmi.

Ọjọ́ Ìsinmi, 26 oṣù kejì

Ìjì jà lánàá, ó ká páànù ilé aládùúgbò wa. Òjò ò rọ̀. Gbogbo ènìyàn ń wo ojú ọ̀run. Èmi náà ń wò ó.

Sátidé, 4 oṣù kẹta

Ìdì páànù mẹ́ta ti wà ní yàrá, Yétúndé ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ku mẹ́ta, àti ìṣó, àti pákó.

Ọlátúbọ̀sún kọ lẹ́tà. Ó ní ẹnìkan ń wá ọmọlańgidi tí ọkùnrin Ìgbẹmọ yìí gbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọdé ti lò dáadáa ló ń fẹ́, tí a bá lè rí àpá ọmọdé lára rẹ̀. Igba náírà ó lé àádọ́ta.

Mo mọ ibi tó wà. Mo ti mọ̀ ọ́n láti oṣù kìíní, mo kàn ń gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá ni.

Sátidé, 11 oṣù kẹta

Ọmọ́níyì ni ọ̀rẹ́ mi nígbà tí a wà ní kékeré. Bàbá mi gbẹ́ ọ̀kan fún mi, wọ́n gbẹ́ ọ̀kan fún un. À ń fi àkísà pọ̀n wọ́n, à ń rẹ̀ wọ́n, à ń fún wọn lóúnjẹ erùpẹ̀. Nígbà tí eyín Ọmọ́níyì ń ká, ó máa ń gé orí tirẹ̀ jẹ, ìyá rẹ̀ á pariwo mọ́ ọn. Ibà pa á ní ọmọ ọdún méje. Tèmi wà nínú àwọn tó jóná ní 1955.

Ìyá Ọmọ́níyì jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn àdúrà dé ni. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ṣùgbọ́n kí n tó kí wọn tán ni wọ́n ti sọ pé, "Monínúọlá nìyẹn. Ọmọ Ilésanmí. Wọlé, wọlé sínú ulé."

Igbá kan wà lábẹ́ ibùsùn wọn, ó ní ìdérí. Ìlẹ̀kẹ̀ Ọmọ́níyì wà nínú rẹ̀, àti ọmọlańgidi rẹ̀. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò kan orí rẹ̀, àpá eyín wà níbẹ̀, mẹ́rin lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀.

Wọ́n ní, "Wòlíì wa ní kí n sun ún. Mo ní Ọlọ́run mọ ohun ìṣeré ọmọdé yàtọ̀ sí òrìṣà. Ó ní kí n gbàdúrà sí i. Mo gbàdúrà sí i, mo sì fi í sílẹ̀ nínú igbá."

Mo ní mo fẹ́ gbé e lọ sí Adó kí wọ́n yà á ní fọ́tò, torí pé òun ló dára jù nínú iṣẹ́ bàbá mi.

Wọ́n ní, "Kì í jáde, Monínúọlá. Láti ọjọ́ yẹn, kò jáde rí."

"N óò dá a padà, Ìyá. Kó tó di Àjíǹde."

"Uṣẹ́ bàbá rẹ ni. Ọ̀rẹ́ rẹ ló ni í. Bí n kò bá gbé e fún ọ, ta ni n óò gbé e fún?" Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi wé e, wọ́n so ó bí ẹni so ọmọ tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ó sùn síbi tí ó tutù.

Mọ́ńdè, 13 oṣù kẹta

Mo tà á.

Ọlátúbọ̀sún ń fi ìka tẹ ibi àpá eyín náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Eyín yìí gan-an ló lowó lórí." Ó fẹ́ fi gèlè náà sílẹ̀. Mo ní kó gbé e lọ. N kò fẹ́ ẹ nínú ilé mi.

Sátidé, 18 oṣù kẹta

Ajíbádé kan páànù látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn aládùúgbò wá bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ní opó tó ń ṣe bí ọkùnrin ni mí. Mo ń dáhùn, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun."

Túsìdeè, 21 oṣù kẹta

Òjò àkọ́rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin, pẹ̀lú yìnyín. Mo sáré lọ dúró sí àárín ilé tuntun. Kò jò rárá. Ariwo orí páànù pọ̀ débi pé mo ké pe orúkọ Bàbá Yétúndé, n kò sì gbọ́ ohùn ara mi.

Mọ́ńdè Àjíǹde, 27 oṣù kẹta

N kò lọ sí Ìgbẹmọ.

Ẹtì, 31 oṣù kẹta

Obìnrin tó ń gbé ìrẹsì wá sí Ọjà Ọba yà sí ilé-ìwé. Ó ní Ìyá Ọmọ́níyì ní kí òun bá wọn béèrè bóyá "ọmọ náà" ti ṣetán tí ó ń bọ̀ wálé. Mo ní fọ́tò ò tíì dára, wọ́n á tún un yà. Ó ní òun á jẹ́ṣẹ́. Ó kí mi kú iṣẹ́ Ọlọ́run tí mò ń ṣe fún bàbá mi.

Sátidé, 1 oṣù kẹrin

Mo lọ sí Ìbàdàn, mo kó gbogbo owó oṣù mi dání láti rà á padà. Mo ní ìyá tó ni í ń retí rẹ̀, ojú wọn ò sì ríran mọ́. Ọlátúbọ̀sún ò bínú, àánú mi tilẹ̀ ń ṣe é. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú ti gbé e lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti pé bí ó tiẹ̀ wà nílẹ̀, owó oṣù mi mẹ́ta ò lè rà á mọ́. Nígbà náà ni mo sọ fún un pé bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Màdáámù. Ká ní mo ní orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni, mi ò bá tà á ní ìlọ́po méjì."

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé òmíràn jáde. Ó jọ ọ́ gan-an. Ó ní àwọn kan wà tó ń gbẹ́ ẹ fún òun báyìí, wọ́n ń fi èéfín pa á láró. Ó gbé ọ̀bẹ, ó fi gé àpá eyín sí i lórí lójú mi, mẹ́rin lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ó rántí iye rẹ̀. "Ṣebí ẹ ní màmá náà ò ríran? Ẹ gbé e fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni."

Mo gbà á.

Sátidé, 8 oṣù kẹrin

Mo lọ sí Ìgbẹmọ. Mo ti ra gèlè tuntun, mo fi wé e. Ìyá gbọ́ ohùn mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì kí n tó jókòó. Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n tú gèlè náà. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lójú, wọ́n fi pa á lórí, wọ́n gbé e sún mọ́ imú. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ta nì yìí?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí Pijó dé orí páànù, èyí tí mo tà, èyí tí mo sun. N kò mọ ìgbà tí mo dé orí lẹ́tà 1955, n kò ní i lọ́kàn láti sọ ìyẹn. Ìyá ò dá mi lẹ́kun. Àgùntàn kan wọlé, ó tún jáde.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Ìyá. Ó ti kọjá òkun."

"Ṣé òtútù ń mú níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

 Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Nígbà tí bàbá rẹ dáwọ́ dúró, gbogbo ìlú ló bi í pé kí ló dé. Ó ní ọwọ́ ń dun òun. Ọwọ́ tó ń fi gbẹ́ odó! Ọwọ́ tó ń fi kọ ebè títí ó fi kú! A mọ̀ pé irọ́ ni. A kò kàn mọ ẹni tó ń fi irọ́ náà bò láṣìírí."

Mo sunkún. Èyí kì í ṣe irú ti ọjọ́ yẹn.

Mo kó owó jáde. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n ní, "Kó o padà sínú àpò rẹ. Kí ni n óò rà?" Wọ́n gbé ọmọlańgidi Ìbàdàn náà fún mi. "Gbé èyí lọ. Kì í ṣe ẹbí mi." Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní, "Ilé mélòó ni o ti gbà lọ́wọ́ wọn?"

"Méje, Ìyá."

"Lọ sọ fún wọn. Lẹ́nu rẹ ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu mi. N óò dákẹ́ ọ̀sẹ̀ kan."

N kò lè lọ lónìí. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, mọ́tò ìkẹyìn ń pe èrò.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹrin

Yétúndé bi mí pé kí ló dé tí a ò tíì kó lọ sí ilé tuntun. Mo sọ fún un.  Ó wọ yàrá, ó sì bá mi fọ abọ́ lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé mo ní kó fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Sátidé, 15 oṣù kẹrin

Òjò rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Mo wọ Ìgbẹmọ ní aago mẹ́sàn-án, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù kí n tó parí.

Ilé àkọ́kọ́, ìyàwó àgbà tó bu ìrẹsì fún mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síta. Kò ṣí i. Ilé kejì, wọ́n bi mí pé èló ni mo tà á, mo sọ, wọ́n ní kí n mú owó wá, mo san án. Ìyẹn ló rọrùn jù. Ilé kẹta, ọkọ obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó ní òun ti fẹ́ fi dáná tẹ́lẹ̀. Ní ilé tí mo ti sunkún nínú oṣù kejì, wọ́n rántí ẹkún náà, wọ́n sín in jẹ fún ara wọn lójú mi, bí mo ṣe fi gèlè nu ojú. Mo dúró, mo wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán. Àwọn méjì tí mo sun tiwọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìkíní nípa oníbàárà àti ọjà, mo sì gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi ti Ọlátúbọ̀sún. Mo dákẹ́. Mo ní, "Mo sun ún lábẹ́ ẹ̀wà." Ó ní, "Háà, Olùkọ́." Èkejì gégùn-ún fún mi. N kò ṣe àmín, n kò sì sọ pé kó má ṣe é. Ẹni keje ti kú láti oṣù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé rí.

Mo ti ń lọ sí ibi mọ́tò nígbà tí ọkùnrin kan pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onípáànù. Akínyẹlé ni, àgbẹ̀ onírẹsì, n kò yà sílé rẹ̀ rí. Ó ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi káàkiri ìlú.

Ó ní, "Lóṣù kìíní, nígbà tí mo rí yín tẹ́ ẹ sọ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú báàgì tó ṣófo, mo sọ fún ìyàwó mi pé kó gbé tiwa pamọ́. Ó ní mo burú, pé ọmọ ológbé ń wá nǹkan bàbá rẹ̀, mò ń fi pamọ́. Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan."

 Mo ní, "Ẹ ṣe é re."

Ó wò mí díẹ̀. Ó wọlé. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún nínú àpótí. Ó gbé e jáde ní ọwọ́ méjèèjì. Ó kéré sí gbogbo àwọn tí mo rí, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ sì ṣí díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. N kò mọ̀ pé bàbá mi máa ń gbẹ́ ẹnu bẹ́ẹ̀.

Akínyẹlé ní, "Ẹ gbà."

Mo gbà á. Mo gbé e lé itan, mo wò ó dáadáa. Mo fi ìka tọ ẹnu náà. Mo fẹ́ bi í bóyá ó rántí ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún, ṣùgbọ́n ó dàbí ohun tí n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè mọ́. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ mi.

Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Akínyẹlé na ọwọ́ síwájú mi. "Ó tó, Olùkọ́. Ẹ gbé e wá."

Mo gbé e fún un. Ó gbé e wọlé, mo gbọ́ ìró ìdérí àpótí, mo sì gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ náà nígbà tó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó fà á wò bóyá ó tì. Inú mi dùn pé ó fà á wò.